Kí Ló Wà Nínú Àgbá, Lazarus?

Ṣòkòtò Dáramọ́lá ló kọ́kọ́ bí Morádéún nínú. Ọkọ rẹ̀ ti Kìríkìrì dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, oṣù kẹwàá ọdún 1987, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì tutù rinrin, òórùn kan tó dà bíi ti kẹrosíìnì tí wọ́n po oògùn mọ́ sì ń jáde lára rẹ̀. Morádéún ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ níta. Dáramọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ebi ń pa òun, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó tún jókòó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ará ilé kó tó dìde lọ wẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn, ṣòkòtò náà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Àtíìsì ni Dáramọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ àti sára pátákó. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Malu Road, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tírélà tó ń gbẹ́rù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá nígbà náà tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò kàn. Ó fẹ́ràn lẹ́tà bí ẹlòmíì ṣe fẹ́ràn ẹran. Bó bá rí èyí tó wù ú lára páálí tàbí lára àpò ìrẹsì, á fa ìwé kékeré yọ nínú àpò ẹ̀wù, á yà á síbẹ̀. Òun àti Morádéún ìyàwó rẹ̀, tó ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò, ń gbé yàrá kan nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Tóbilọ́ba, wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Lazarus ló gbé iṣẹ́ Kìríkìrì fún un. Lazarus yìí ni mánijà ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀, alàgbà sì ni nínú ìjọ tí tọkọtaya náà ń lọ. Ogójì àgbá ló wà nílẹ̀. Ó ní kí Dáramọ́lá pa ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára rẹ́, kó wá kọ "ÌZÀL" sí i, nítorí pé oògùn ìfọlẹ̀ ló wà nínú wọn, pípẹ́ tó pẹ́ lébùúté ló ba àkọlé rẹ̀ jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbá náà ń jò. Dáramọ́lá kúnlẹ̀ síbi tó ti jò sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé omi náà ń bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò ju pẹtiróòlù lọ, ó ń ti àkísà bọ inú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán nu àgbá kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti ń bì. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ẹran itan àti ti apá rẹ̀ ń ta pútúpútú fúnra wọn, bí ìgbà tí aláǹgbá há sábẹ́ awọ. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó ń pe Morádéún ní Adùkẹ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Ṣàfíù, awakọ̀ tírélà tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, ló gbé e sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, tó sì wà á dé ilé ìwòsàn kan ní Àpápá.

Dókítà tó gbà wọ́n, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Títílọpẹ́, kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní kí wọ́n gé aṣọ ara ọkùnrin náà dànù, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, irun, ìsàlẹ̀ èékánná, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Morádéún.

"Ìyá, kí ló fọwọ́ kàn lánàá?"

"Ìzàl ni wọ́n ní ó jẹ́, mà."

"Ìzàl kì í ṣe báyìí. Ẹ lọ bá mi béèrè ohun tó wà nínú nǹkan yẹn gan-an. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, bí afọ́jú ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀."

Morádéún sáré lọ sí Kìríkìrì. Lazarus fúnra rẹ̀ ló jáde sí i lẹ́nu géètì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń fi igi tayín. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un, orúnkún méjèèjì, lórí òkúta.

"Alàgbà, ẹ dákun, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Kí ló wà nínú àgbá yẹn?"

"Ṣebí ọkọ yín ló kọ ọ́ síbẹ̀? Ìzàl ni. Àbí kò mọ ohun tó kọ ni?"

"Ó ń kú lọ, sà. Dókítà ní kí n béèrè."

"Ẹ padà lọ bi í léèrè irú ọtí tó mu. Gbogbo yín ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀ ń mu ògógóró bí omi, bó bá wá dójú ẹ̀, ẹ ó máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa dì í rù."

Ó ti géètì mọ́ ọn. Morádéún ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n fi irin dábùú rẹ̀ nínú. Ọkọ̀ epo kan kọjá, eruku rẹ̀ bò ó. Bó ṣe dìde, òkúta wẹẹrẹ méjì lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó gbọ̀n wọ́n dànù, ṣùgbọ́n ohun tó wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé gbọ̀n dànù.

Ó gba ilé kọjá láti mú aṣọ àti ife. Ẹ̀wù àná Dáramọ́lá wà lórí okùn, ìwé kékeré rẹ̀ ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Morádéún ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ ti ya àkọlé kan tó wù ú lára àgbá síbẹ̀, nọ́ńbà méjì àti lẹ́tà kan tó sanra: 2,4-D. Lábẹ́ rẹ̀ ló ya ewé kan tó ká kò. Kò yé e. Ó gbé e lọ fún dókítà.

Dókítà Títílọpẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Oògùn apakoríko ni. Oògùn ìfọlẹ̀ kọ́. Ọlọ́run ló ní kí ọkọ yín kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní májèlé náà kò ní ẹ̀rọ̀ kan pàtó, ṣùgbọ́n ojú ìtọ̀ ló ń bá jáde. Bí wọ́n bá fa sódà sí i lára nínú omi tí wọ́n ń fà sí i, ìtọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, májèlé kò sì ní lè padà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti máa gba ìtọ̀. Ní wákàtí-wákàtí, nọ́ọ̀sì á ti ìwé pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́ láti wo àwọ̀ rẹ̀. Bí kò bá tíì yí tó, wọ́n á fi sódà kún un. Dókítà ń gbọ́ àyà rẹ̀, ó ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Dáramọ́lá kò fi mọ ayé tó wà. Lọ́jọ́ kẹrin ó lajú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì tó délé ni ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó kọ́kọ́ ní ó dà bí ẹni pé òun wọ ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé ọwọ́. Ife já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè de bọ́tìnnì. Bó bá ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó fi òòlù kékeré gbá orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ kò mì. Ó ní kó dijú, ó mú abẹ́rẹ́, ó ń gún ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gún mẹ́wàá tán. Dáramọ́lá ṣì dijú.

"Dókítà, ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Morádéún yíjú sí ògiri.

"Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni oògùn yìí jẹ," ni dókítà wí. "Ó lè hù padà, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Ẹ má ka ọ̀sẹ̀, ọdún ni kẹ́ ẹ kà. Mi ò sì ní parọ́ fún yín, ibòmíì lè má padà mọ́." Ó kọ́ ọ ní eré ìdárayá: kó máa fún bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kó máa ṣa ẹ̀wà kúrò láàárín òkúta. Ó wá kìlọ̀ fún Morádéún pé kó máa yẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, nítorí pé bí nǹkan bá gún un, kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Lazarus dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí ìjọ ran òun lọ́wọ́ láti gbàdúrà fún arákùnrin kan láàárín wọn tí ọtí ògógóró sọ di arọ, kí Olúwa dá a nídè. Kò dárúkọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń sọ. Àwọn obìnrin tó jókòó nítòsí Morádéún rọra sún kúrò. Títí ọdún fi parí, bí Dáramọ́lá bá ń fẹsẹ̀ wọ́ lọ ládùúgbò, àwọn èèyàn á máa mi orí, wọ́n á ní ẹ ò rí ohun tí ọtí ń ṣe.

Morádéún lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ ní kó fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Morádéún ní àmín.

Oṣù kejì ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣẹlẹ̀. Morádéún ń dín àkàrà lẹ́yìn ilé, ẹyin iná kan ta bọ́ sílẹ̀ láti inú ààrò. Dáramọ́lá ń bọ̀ láti balùwẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró lé e, ó ń bi í bóyá iyọ̀ ṣẹ́ kù. Òórùn ẹran tó ń jóná ló jẹ́ kí Morádéún wo ilẹ̀. Ó pariwo, ó tì í kúrò. Ọkọ rẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ti ẹlòmíì. Ó wá bú sẹ́kún, kì í ṣe nítorí ìrora, nítorí àìsí ìrora ni.

Morádéún wẹ ojú egbò náà, ó dì í. Bó ṣe ń dì í, ó sọ ọ́ jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Lazarus, màá ṣe ọ́ léṣe." Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ní kí ọkọ òun kọ́ òun níṣẹ́.

"Bàbá Tóbi, ìsọ̀ ò gbọdọ̀ kú. Ẹ fi ẹnu kọ́ mi, èmi á fi ọwọ́ ṣe é."

Inú Dáramọ́lá dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jókòó lórí àpótí ní ìsọ̀, ó ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré ọwọ́ rẹ̀, ó ń pàṣẹ. "Má gbé gbogbo ọwọ́ lé pátákó, ìka kékeré ni kó o fi tì í. Mí èémí jáde tán kó o tó fà á. Má wo búrọ́ọ̀ṣì, ibi tó ń lọ ni kó o wò." Ọwọ́ tó ti fi òòyà ya ojú irun fún ọdún mẹ́wàá kì í gbọ̀n, kò pẹ́ tí ìlà rẹ̀ fi ń dúró ṣánṣán. Lẹ́tà S ló fìyà jẹ ẹ́ jù. Ó ba pátákó tó pọ̀ jẹ́ lórí rẹ̀, kò sì sú u. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ọmọ mìíràn ni sùúrù ti Morádéún fẹ́ bí.

Oṣù kẹfà ni rédíò gbé e pé wọ́n rí àgbá olóró láti òkè òkun ní Kókò, tí wọ́n kó pamọ́ sí àgbàlá ẹnì kan. Gbogbo ìlú gbóná. Ìjọba ológun ń fọ́nnu, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ká irú ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ní Wharf Road, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń gbẹ́rù jáde. Morádéún gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó tẹ́tí sí rédíò onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ìròyìn fi parí. Ó wá dìde, ó lọ bá Ṣàfíù.

"Bàbá Ràṣídì, ẹ jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sí ìdí ọkọ̀ yín."

Ṣàfíù bi í ohun tó fẹ́ kọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọ̀dà pupa lórí funfun ni Morádéún lò, lẹ́tà rẹ̀ ga tó igbá: KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÀGBÁ, LAZARUS? Kò kọ orúkọ bàbá rẹ̀, kò kọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ná Kìríkìrì tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ Ṣàfíù wọ wọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Ajé. Kí ó tó di Ọjọ́rú, Akpevwe, awakọ̀ kan tó máa ń gbẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí Lazarus fúnra rẹ̀, ti dé sí ìsọ̀. "Madam, abeg, write my own join. That man mouth too sharp." Morádéún kọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti kọ mọ́kànlá. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ gbà á sẹ́nu. Bí Lazarus bá ń wakọ̀ kọjá ní Malu Road, ọmọ akẹ́rù kan á kígbe pé "Àgbá!", òmíràn á dáhùn pé "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá dìde láti ka Bíbélì, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa wúkọ́ yẹ̀yẹ́.

Dáramọ́lá kò mọ̀, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tún ṣí ti há a mọ́lé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, títí di ọjọ́ tó fi ọ̀pá rìn dé ibi tí Ṣàfíù gbé ọkọ̀ sí. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dé ìsọ̀, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Morádéún. Ṣé torí èyí lo fi ní kí n kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Torí ẹ̀ ni."

"Mo rò pé torí tèmi ni."

"Torí ta ni mo fi ń bínú, Bàbá Tóbi? Ta ló tẹ iná tí kò mọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ tí dókítà àti Ọlọ́run ń bá wa tún ṣe lo fẹ́ sọ dogun."

"Ẹ̀yin ẹ máa bá Ọlọ́run àti dókítà lọ. Èmi, Lazarus ni mo ń bá lọ."

Ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, láì wo ojú rẹ̀, ó ní S tó wà lópin orúkọ yẹn ń ṣubú síwájú, kó lọ tún un ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni Lazarus wá. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí òdìkejì títì, ó ń nu òógùn. Awakọ̀ bíi mẹ́fà ń dúró de iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Morádéún kò dìde lórí àpótí.

"Ìyá Tóbi, ẹ dákun. Ọ̀gá wa láti òkè òkun ti gbọ́. Àwọn ìjọba ti ń béèrè mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́."

"Kí ló wà nínú àgbá?"

"Mo ti sọ fún yín, Ìzàl ni."

"Ó dáa." Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú kẹrosíìnì, ó ń fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọkùnrin yìí, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló fi í sílẹ̀. "Lazarus, wọ ọkọ̀ Ṣàfíù. Jẹ́ ká jọ lọ sí Kìríkìrì nísinsìnyí. Wàá kúnlẹ̀ síbi tí ọkọ mi kúnlẹ̀ sí. Wàá ti ọwọ́ rẹ méjèèjì bọ inú omi yẹn dé ìgbọ̀nwọ́, wàá fi nu àgbá kan ṣoṣo, ogójì kọ́. Wàá sì wọ ṣòkòtò rẹ tútù jẹun. Bó bá jẹ́ Ìzàl ni, ahọ́n mi ni màá fi lá ọ̀dà kúrò lára ọkọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá."

Lazarus wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ká a kò, ó kì í bọ àpò.

"You see?" ni Akpevwe kígbe. "E don hide the hand!"

"Mi ò mọ̀ pé á le tó bẹ́ẹ̀," ni Lazarus wí. "Wọ́n kàn ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni. Mo rò pé kò ní lágbára mọ́."

"O mọ ohun tó jẹ́ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ?"

Lazarus yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

"Mo ní, o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Dáramọ́lá wà lórí àga rẹ̀ nínú ìsọ̀, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Morádéún, ó ti tó." Ìyàwó rẹ̀ ní kò tíì tó.

Lọ́jọ́ Ajé ó mú ìwé kékeré ọkọ rẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ Dókítà Títílọpẹ́, ó kó awakọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́yìn, ó lọ bá àwọn aṣojú ìjọba. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilé ìkẹ́rùsí. Àgbá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù níbẹ̀. Wọ́n ti ta mẹ́sàn-án fún àwọn tó ń fọ ilẹ̀ ọjà àti ilé ìwé. Wọ́n wá mẹ́jọ rí. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò sí ẹni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Wọ́n mú Lazarus, wọ́n tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kìríkìrì níbi tó ti ń dúró de ẹjọ́. Morádéún bẹ Ṣàfíù pé nígbàkigbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, kó dín eré kù, kó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn awakọ̀ yòókù gbọ́, àwọn náà ń fun ún. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ á jókòó síwájú ọkọ̀, á na ọwọ́ kọjá Ṣàfíù, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìjọ yọ orúkọ Lazarus kúrò nínú àwọn alàgbà. Pásítọ̀ wá sílé Dáramọ́lá, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ṣé Morádéún lè wá dárí ji Lazarus báyìí. Morádéún gbé omi fún un, ó ní òun ti gbọ́.

Oṣù mẹ́rìnlá ni Lazarus lò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní àkókò yẹn, ọwọ́ ọ̀tún Dáramọ́lá ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó lè de bọ́tìnnì. Ó lè mú ṣọ́ọ̀kì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí ó tó máa gbọ̀n. Òun á fi ya lẹ́tà, ìyàwó rẹ̀ á fi ọ̀dà tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ òsì kò padà. Ní gbogbo ìdájí ni Morádéún ń gbé e sórí itan, tó ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá nǹkan gún un.

Ọdún 1991, ní ọ̀sán gangan, Morádéún pàdé Lazarus ní Wharf Road. Ọkùnrin náà ti gbẹ, ó kó fáìlì sábẹ́ abíyá, ó jọ pé ó ń wáṣẹ́. Ó tẹ̀ ba fún un.

"Ẹ káàsán, Ìyá Tóbi. Báwo ni Bàbá Tóbi?"

Morádéún wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìka rẹ̀ pé, wọ́n di fáìlì mú ṣinṣin. Ó sọdá títì, ó lọ ra ọ̀dà pupa tó torí rẹ̀ jáde nílé.

Nígbà tó dé ìsọ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"O ò sì kí i?"

"Mi ò kí i."

Dáramọ́lá mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó wá ní kó gbé ọ̀dà wá, oníbàtà tó ni pátákó yẹn ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Morádéún ṣí agolo náà, ó ń fi igi rò ó. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Bó ṣe ń ro ọ̀dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.